Ẹ Má Fi Owó Ogbó Po Kọnkéré

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́. Ó ní ẹni tó bá fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba, tí kò sì ní ju yàrá kan lọ nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, òfo ló ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní ibi tó yẹ òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó ni ilé ńlá tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ sí ìlú rẹ̀, bó bá sì lè jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó tún ní owó tí wọ́n bá kó fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì ni kó fi kan òrùlé rẹ̀. Mi ò ní fi epo bọ iyọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ìgbàgbọ́ náà kò bá ayé tí a wà mu mọ́. Ó ń sọ tíṣà, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ kánsù di tálákà nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, ó sì ń gbé àwọn àgbà jìnnà sí dókítà àti sí ènìyàn lásìkò tí wọ́n nílò méjèèjì jù lọ.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń lágbára jù ni ibi ìsìnkú. Kí wọ́n tó bi yín pé irú ayé wo ni olóògbé gbé, wọ́n á ti wo ilé tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Bí ilé náà bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ti ẹbí, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ kánópì: “Kò mà kọ́lé o.” Ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rù á bà á títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó ń ti ènìyàn ẹni ọdún 58 lọ ra ilẹ̀ sí ìdí igbó ní etí ìlú tí kò gbé láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé ìwé girama nìyẹn. Kò béèrè ibi tí omi wà. Kò béèrè ibi tí ilé ìwòsàn wà. Ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló ń rò, tí ọdún 20 tó ṣeé ṣe kó fi gbé inú rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé kò sì sí nínú ìṣirò.

Kí a má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tó dá ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀. Ó ní ìgbà tó bá a mu wẹ́kú. Lábẹ́ òfin pẹ́ńṣàn àtijọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ máa ń gba gírátúítì tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ọdún kan lódindi. Lẹ́yìn èyí, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ìkẹyìn ni pẹ́ńṣàn rẹ̀, oṣooṣù, títí tó fi kú. Ẹni tó gba owó ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, láyé tí naira ṣì ní agbára, lè ra ilẹ̀, kó kọ́lé, kó kan pánù, kí owó oúnjẹ rẹ̀ má sì dín. Bàbá tó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò ṣe àṣìṣe kankan. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ àwa tí a ń wo ilé bàbá náà láìwo òfin tó gbé e dúró.

Òfin yẹn ti kúrò lórí púpọ̀ nínú wa. Ní 2004 ni ìjọba àpapọ̀ gbé òfin pẹ́ńṣàn alájọdá jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014. Ní báyìí, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ń dá ìdá 10, owó náà sì ń wọ àpò kan tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Òfin ní kí ó kọ́kọ́ fi èyí tí yóò máa mú owó wá fún un, tí kò ní dín sí ìdajì owó tó ń gbà nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pamọ́ sínú àpò náà. Èyí tó bá ṣẹ́kù lórí ìyẹn ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló dé ibẹ̀ tí ọ̀rọ̀ “èyí tó bá ṣẹ́kù” ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wọn, nígbà tí wọ́n ti fi ẹnu ṣèlérí òrùlé fún gbogbo ìlú.

Ẹ jẹ́ ká fi owó gan-an ṣe é. Ká ní owó oṣù ẹnì kan parí sí ₦150,000. Ní ayé òfin àtijọ́, gírátúítì rẹ̀ ì bá jẹ́ ₦5,400,000, pẹ́ńṣàn rẹ̀ ì bá sì jẹ́ ₦120,000 lóṣù. Ní ayé òfin tuntun, ohun tí òfin ń wò fún un ni ₦75,000 lóṣù ó kéré tán, kí a tó sọ̀rọ̀ owó ọwọ́. Kódà, ẹ fún un ní ₦5,400,000 àtijọ́ yẹn lónìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan ti kọjá ₦10,000. Bó bá fi gbogbo owó náà ra sìmẹ́ǹtì nìkan, kò lè ra ju àpò 540 lọ: kò tíì ra irin, kò tíì ra pákó àti pánù, kò tíì san owó bíríkìlà àti káfíńtà, kò tíì fojú kan ọmọ onílẹ̀ tó fẹ́ gba owó ìpìlẹ̀ kó tún padà wá gba owó òrùlé. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì wà lórí ètò àtijọ́, mo mọ̀. Ẹ bi àwọn tó fẹ̀yìn tì níbẹ̀ léèrè iye ọdún tí gírátúítì wọn fi ń dúró kó tó dé ọwọ́ wọn, àti ohun tó kù tí owó náà lè rà nígbà tó dé.

Àwọn kan á ní àṣà ni, pé a kì í fi àṣà ṣe ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká wo àṣà náà dáadáa. Ibi tí àgbà Yorùbá ń gbó sí láyé àtijọ́ ni agbo ilé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yàrá rẹ̀ wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú rẹ̀, àgbàlá wà lẹ́yìn. Aya ọmọ rẹ̀ ń kí i láàárọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bu omi fún un, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ta ayò lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Bí kò bá jáde dé ìlẹ̀kùn títí oòrùn fi yọ, ẹnì kan á wọlé lọ wò ó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé bá wa ni. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sọ ọ́ di ohun àmúyangàn l'Ékòó, àwọn oníṣòwò àti olóko kòkó ní Ìjẹ̀bú, Ìléṣà àti Oǹdó sì tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó wà nínú àwọn ilé kòkó wọ̀nyẹn: ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, kòkó wà nínú yàrá kan, àwọn ìyàwó àti ọmọ kún òkè, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ìbátan tó wá kàwé ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni, ilé ìdílé ni. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ kí tọkọtaya àgbà méjì lè máa dá gbé inú rẹ̀. Ohun tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa gẹ́gẹ́ bí ètò ogbó ni ènìyàn. Àwa ló gbé ènìyàn sọnù tí a mú búlọ́ọ̀kù.

Ẹ rìn yí ká ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ó rí wọn. Géètì ńlá, ọgbà gíga, yàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, eruku lórí gbogbo àga. Onílé ń gbé yàrá kan ṣoṣo nísàlẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbà kó gun àtẹ̀gùn mọ́. Òkè tó fi owó ọdún mẹ́wàá da dẹ́kì rẹ̀, ó lè tó ọdún méjì tí kò tíì dé ibẹ̀. Pánù ń jò lókè, kò rí i, àfìgbà tí omi bá kán sí i lórí nísàlẹ̀. Kànga ẹ̀rọ wà, ṣùgbọ́n iná kì í sí láti fà á, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti di ohun tí pẹ́ńṣàn kò lè rà. Ó nílò ẹni tó máa ṣọ́ géètì. Ó nílò ẹni tó máa gbálẹ̀ àwọn yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Ọgbà gíga tó mọ nítorí olè ni kò jẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ bó bá ṣubú nínú balùwẹ̀. Àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́dún Kérésìmesì, wọ́n sùn lálẹ́ méjì, wọ́n lọ. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ń kún ilé wọn nígbà Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ìlú á dùn gan-an; ní ọjọ́ kẹfà, bàbá àti ìyá á tún ku àwọn nìkan. Ó ń dùn mí púpọ̀ láti rí i. Àwọn wọ̀nyí ni ènìyàn tó kọ́ wa ní ìwé, tó gbẹ̀bí wa ní ilé ìwòsàn ìjọba, tí kò sì jalè. Kò yẹ kí ìparí iṣẹ́ wọn rí báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì. Àwọn àìsàn tó ń bá àgbà jà lọ́dọ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, ojú tó ń ṣókùnkùn, egungun ìbàdí tó ń dá. Bí rọpárọsẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fa, oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ni a ń lò ó, wọn kò sì gbọ́dọ̀ lò ó láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ. Séntà ìlera abúlé kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní ibi tí ọ̀kadà nìkan ti lè jáde lóru, ó ti pàdánù wákàtí náà kó tó rí mọ́tò. Àmọ́ ìlú wà ní ilẹ̀ wa tí nǹkan wọ̀nyí kò jìnnà. Ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih pè ní 2012, tó wà fún ìtọ́jú àìsàn arúgbó. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Wesley Guild ní Ìléṣà. Òmíràn wà ní Ṣàgámù, òmíràn ní Ìdó-Èkìtì, òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta àti Ọ̀wọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ yan ibi tí yóò gbó sí fa ìlà láti ọ̀kan nínú wọn kó tó fa ìlà láti ojúlé bàbá rẹ̀. Bí méjèèjì bá bọ́ sójú kan, kó dúpẹ́. Bí wọn kò bá bọ́ sójú kan, mo ní ti ilé ìwòsàn ni kó tẹ̀ lé.

“Kì í ṣe tèmi, àwọn ọmọ ni mo ń kọ́ ọ fún.” Èyí ni ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù, òun náà ló sì ń bí mi nínú jù, nítorí pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ìfẹ́ náà sì ń ṣi ọ̀nà gbà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé lẹ́yìn ikú onílé tí kò kọ ìwé ìhágún. Lábẹ́ àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ fara mọ́, ilé náà á di ti gbogbo ọmọ lápapọ̀, ilé ẹbí nìyẹn. Lọ́yà yín á sọ fún yín pé ọmọ kan kò lè dá a tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Bí ó bá di pípín, ṣé ìdí-igi ni, tí ojúlé ìyàwó kọ̀ọ̀kan á mú ìpín kan, tàbí orí-òjorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀? Ìbéèrè yìí kan ṣoṣo ló gbé ẹjọ́ Dawodu àti Danmole láti Èkó dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá kan ló kú láìkọ ìwé ìhágún, tó fi ọmọ sílẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́rin; 1962 ni ìdájọ́ ìkẹyìn jáde, tí wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà, pé orí-òjorí wà fún ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé ó yẹ kí a fi parí ìjà. Bàbá tó sọ pé òun ń kọ́ ilé fún ọmọ, àmọ́ tí kò kọ ìwé kankan, ẹjọ́ ló ń fi jogún fún wọn. Kí ló sì dé tí a kò bi àwọn ọmọ náà fúnra wọn? Èyí tó wà ní Tòróńtò kò ní wá gbé ní Ìkọ̀lé. Èyí tó wà ní Lẹ́kí ń wá owó ilé ìwé ọmọ tirẹ̀. Bí ẹ bá fún wọn láyè kí wọ́n sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ pé ohun tí àwọn fẹ́ ni pé kí bàbá àti ìyá máa rí oògùn rà láìpe àwọn lóṣooṣù.

Àwọn tiwa tó wà lókè òkun, èyí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti fi owó iṣẹ́ alẹ́ kọ́ ilé ńlá sílé nítorí ọjọ́ tí wọ́n máa padà pátápátá. Kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá kó kúrò ní Bìrìtéènì wá gbé ní Nàìjíríà, pẹ́ńṣàn ìjọba rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kì í lọ sókè lọ́dọọdún mọ́ bíi ti ẹni tó dúró. Ibi tó wà nígbà tó dé ni yóò dúró sí. Owó àfikún tí wọ́n ń pè ní Pension Credit kì í bá ènìyàn wá sílé rárá. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ NHS, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló ni ín. Ilé kánsù, ẹni tí kò bá gbé inú rẹ̀ mọ́ lè pàdánù rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Medicare kì í san owó ilé ìwòsàn tí ẹ bá gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn. Mi ò sọ pé kí ẹ má wálé. Ẹ máa bọ̀. Àmọ́ ẹ wá gbé fún oṣù mélòó kan nínú ilé tí ẹ háyà, ní àkókò òjò, nígbà tí kò sí ọdún, kí ẹ tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan.

Ẹni tó ń ta kò mí ní ohùn kan tó lágbára, mo sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní pẹ́ńṣàn kì í lọ sókè bí owó ilé ṣe ń lọ sókè. Ó ní lánlọ́ọ̀dù lè lé arúgbó jáde, pé ìtìjú wo ló tún ju kí ẹni ọdún 75 máa ru bẹ́ẹ̀dì kiri. Òótọ́ ni. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní kí lánlọ́ọ̀dù má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń gba méjì. Nítorí náà, èmi náà gbà pé ó dára kí àgbà ní òrùlé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé e kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí a ti yà ni pé òrùlé nìkan ni ohùn yìí gbè. Kò gbe yàrá mẹ́jọ. Kò gbe òkè. Kò gbe ìlú tí kò sí ilé ìwòsàn. Yàrá méjì àti pálọ̀ kan, pẹ̀lú ìwé tó pé, ti dá lánlọ́ọ̀dù lóhùn tán. Gbogbo èyí tó lé lórí ìyẹn, àwọn tó máa jókòó sábẹ́ kánópì la kọ́ ọ fún.

Kò sì yẹ kí òrùlé yẹn dúró de ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Èyí ni ibi tí ìgbàgbọ́ àtijọ́ ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù lọ, tó ń sọ fún ẹni ogójì ọdún pé gírátúítì ń bọ̀. Láti 1992 ni òfin ti dá àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń dá ìdá méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń dá a lè yá owó ilé láti ilé ìfowópamọ́ Federal Mortgage Bank ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì fi ọdún púpọ̀ san án, tó lè tó 30 bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Láti 2022, ẹni tó bá ti ń dá owó pẹ́ńṣàn fún ọdún márùn-ún lè lo ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó àkọ́san ilé irú èyí. Ìlànà pọ̀, ìwé pọ̀, ó ń gba sùúrù, mi ò ní tàn yín. Ẹni ogójì ọdún lè ní sùúrù náà. Ẹni 59 kò ní àkókò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá sì yá a rí, owó tí wọ́n gé lọ́wọ́ yín fún gbogbo ọdún yẹn ni kí ẹ lọ gbà padà nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìn tì; ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò rí èyíkéyìí ṣe nínú ìwọ̀nyí kò tíì ṣègbé. Yàrá tó wà ní agbo ilé tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn, ẹ tún un ṣe. Ẹ fi ṣáláńgá sílẹ̀, ẹ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú yàrá, ẹ fi sólà kékeré gbé iná síbẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí owó ìpìlẹ̀ ilé tuntun, ènìyàn sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ní ilé ńlá tẹ́lẹ̀, kó gba ayálégbé sí òkè: tíṣà tuntun, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ bí ilé ìwé gíga bá wà nílùú. Owó á wọlé, ẹsẹ̀ á máa rìn nínú ilé. Ẹni tó fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ, kó má fi òwe òkété tó dàgbà tó ń mu ọmú ọmọ rẹ̀ dí ọmọ náà lẹ́nu. Kí wọ́n jókòó sọ ọ́: yàrá wo, owó oúnjẹ mélòó, ta ni yóò máa mú mi lọ síbi àyẹ̀wò, kí ni aya tàbí ọkọ ọmọ mi wí sí i. Àwọn ìyá wa tó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ tí wọ́n wá di ọmọ ọ̀dọ̀ láìsí ọjọ́ ìpadà, àìsí irú ìjókòó yẹn ló fà á.

Ilé àwọn arúgbó sì ńkọ́? Bí ẹnì kan bá dárúkọ rẹ̀, a máa ń ta gìrì bí ẹni pé èpè ni. Síbẹ̀ ó ti wà ní ilẹ̀ wa tipẹ́. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Yaba, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn ìjọ Àgùdà sì ń tọ́jú àwọn àgbà ní Regina Mundi ní Múṣín. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ló yẹ gbogbo ènìyàn. Mo ń sọ pé arúgbó tó ń jẹun lásìkò, tó ń rí nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, tó sì ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò yẹ kí àwọn tó fi ìyá tiwọn sílẹ̀ sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òfìfo máa káàánú rẹ̀. Bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ńlá wa, tí wọ́n ní ilẹ̀ káàkiri ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, bá kọ́ ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ kéékèèké tí àgbà lè máa háyà, tí ilé ìwòsàn wà láàárín rẹ̀, wọ́n á ṣe ohun tó dára ju gbọ̀ngàn ìjọsìn kejì lọ.

Ó ku ẹ̀yin tí ilé yín ti dúró sí lẹ́ńtẹ́lì báyìí, tí ẹ ń ka ìwé yìí tí inú yín ń ru. Ẹ má fa irin dẹ́kì síbẹ̀. Ẹ kan òrùlé lé e níbi tó dé yẹn, kó di ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀; bí yàrá bá pọ̀ jù, ẹ parí méjì, kí ẹ ti ìyókù pa. Ẹ lọ bá sùfèyọ̀ àti lọ́yà kí ìwé ilẹ̀ lè pé kí ẹ tó kun ọ̀dà. Ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ sọ fún bíríkìlà pé kó má ṣe ìdènà kankan sí ẹnu ọ̀nà, kí ilẹ̀ balùwẹ̀ má yọ̀, kó ri irin tí ọwọ́ lè dì mú mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáńká. Ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ dúró lé lórí, nítorí kékeré ni wọ́n máa ń ṣe é: ẹ ní kó fẹ̀ tó ti yàrá, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè gba ibẹ̀ kọjá.